Ẹni A Ní Kó Fẹ́ni Lójú: Àkọsílẹ̀ Ọ̀ràn Tony Rivers, Ọmọ Ilé-Ìwé Tó Di Ìkookò

Ìjà ni fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin méjì wọ̀yá ìjà ní àgbàlá ilé-ìwé, àwọn ẹgbẹ́ wọn pagbo yí wọn ká, ariwo gba gbogbo ilẹ̀. Ọ̀kan bu yẹ̀pẹ̀ sí èkejì lójú. Nígbà tí ìyẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fa ṣọ́bìrì yọ. Àwọn ọlọ́pàá ló là wọ́n. Wọ́n bi ọmọ tó fa ṣọ́bìrì léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, kò rí nǹkan gidi kan tọ́ka sí. Ọ̀rẹ́ òun fọwọ́ gbá òun léjìká látẹ̀yìn ni, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ kan òun.

Tony Rivers ni wọ́n pe ọmọ náà. Fíìmù yẹn ni I Was a Teenage Werewolf, ó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹfà ọdún 1957. Ìṣẹ́jú 76 ni gbogbo rẹ̀, dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀. Àkọlé náà dà bí ìgbà tí ẹnìkan dìde níwájú ìjọ tó ń jẹ́rìí pé, "Ọ̀dọ́langba ni mí, mo sì di ìkookò." Ẹ̀rín ló ń pa ènìyàn. Ẹ̀rín pa èmi náà. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà lálẹ́ ọjọ́ kan kí n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbé ẹ̀pà sísun sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń retí ibi tí irun àlẹ̀mọ́ yóò ti já lójú òṣèré. Kò pẹ́ tí mo fi gbàgbé ẹ̀pà. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, mo sì gbà pé ó yẹ kí ẹnìkan kọ ọ̀ràn inú rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá: ta ló ṣe é, ta ló mọ̀ sí i, ọwọ́ ta ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀ràn náà kò lọ́jú pọ̀. Ọmọ kan lọ gba ìtọ́jú, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ló bà á jẹ́. Àwọn àgbà ti ní irú rẹ̀ lọ́rọ̀ tipẹ́: ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́, ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ó fata sẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yìí síta. Wọn kì í ṣe oníwàásù, wọn kì í ṣe olùkọ́. Oníṣòwò ni wọ́n, owó ìpanu ọmọdé ni wọ́n sì ń lé kiri.

James H. Nicholson àti Samuel Z. Arkoff ló dá ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1954. American Releasing Corporation ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ní 1956 wọ́n sọ ọ́ di American International Pictures. Lọ́yà ni Arkoff. Nicholson ní tirẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ilé sinimá, ẹ̀bùn rẹ̀ sì ni àkọlé. Nílé-iṣẹ́ yìí, àkọlé ló sábà máa ń ṣáájú. Bí ó bá ti dùn létí, wọ́n á ya pósítà. Wọ́n á gbé pósítà lọ han àwọn tó ni ilé sinimá. Bí ojú àwọn yẹn bá dán, ìgbà náà ni wọ́n á tó wá ẹni tí yóò kọ ìtàn sí i. Bí ẹni tó pín ìwé ìpè ìgbéyàwó tán kó tó lọ wá ìyàwó.

Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ṣá o. Ní 1948 ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tó já àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńláńlá kúrò lára àwọn ilé sinimá tí wọ́n ni. Kò pẹ́ sígbà náà ni tẹlifíṣọ̀n wọ pálọ̀ gbogbo ènìyàn, bàbá àti ìyá jókòó sílé. Ta ló kù tó ń jáde lálẹ́? Àwọn ọmọ wọn, pàápàá àwọn tó ti ń wa mọ́tò. Ìta gbangba ni wọ́n ń lọ, ní pápá tí wọ́n ti ń jókòó sínú mọ́tò wo àwòrán lójú pátákó funfun kan tó ga bí ilé. (Ẹni méjì tó wà nínú mọ́tò tó ṣókùnkùn kì í fi gbogbo ara wo fíìmù, ṣùgbọ́n wọ́n ti sanwó.) Òfin kan wà tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń wọn ọjà wọn: àbúrò á wo ohun tí ẹ̀gbọ́n ń wò, ẹ̀gbọ́n kò ní wo ti àbúrò, ọmọbìnrin á wo ohun tí ọmọkùnrin ń wò, ọmọkùnrin kò ní wo ti ọmọbìnrin. Nítorí náà, ọmọkùnrin ọlọ́dún 19 ni kí á máa dọdẹ. Bí ọwọ́ bá ti tẹ òun, ọwọ́ ti tẹ gbogbo ilé.

Herman Cohen ló gbé ti ìkookò yìí jáde. Ọmọ Detroit ni, inú ilé sinimá ló ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré, ó ti dúró lẹ́yìn ìjókòó tipẹ́tipẹ́ tó ń wo ojú àwọn tó ń wòran. Òun àti Aben Kandel ni wọ́n jọ kọ ìtàn, àmọ́ orúkọ tí wọ́n kọ sójú fíìmù ni Ralph Thornton, orúkọ àdàpè lásán. Gbogbo owó tí wọ́n ná kò ju nǹkan bí 82,000 dọ́là lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi yà á. Wọ́n so ó mọ́ fíìmù mìíràn tó dá lórí àwọn àjèjì tó ti ojú sánmà wá, wọ́n ń ta méjèèjì lówó tíkẹ́ẹ̀tì kan. Nǹkan bí mílíọ̀nù méjì dọ́là ló wọlé. Ẹni tó bá rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe fídíò wa ní àwọn ọdún 1990 kò ní bi mí pé báwo: ilé ẹ̀gbọ́n ẹnìkan, mọ́tò ọ̀rẹ́ ẹnìkan, kí gbogbo òṣèré tètè jẹun kí jẹnẹrétọ̀ tó kú.

Owó ló kéré, ọwọ́ kò kéré. Joseph LaShelle tó mú kámẹ́rà ti gba Oscar, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, rí, fún fíìmù kan tó jáde ní 1944. Gene Fowler Jr. tó darí rẹ̀ kò tíì darí fíìmù kankan ṣáájú èyí, ṣùgbọ́n ó ti bá Fritz Lang, olùdarí fíìmù tó lórúkọ, gé fíìmù, ó mọ ibi tí ọ̀bẹ ti ń wọlé. Ẹ wo ibi tí ọmọ kan tó ń jẹ́ Frank ti ń dá rìn gba inú igbó lọ sílé lóru. Igi lásán ni, èéfín díẹ̀, iná kan láti ẹ̀yìn. Ọmọ náà gbọ́ nǹkan, ó dúró. Ó tún rìn. Ó yára. Kí á tó rí nǹkankan, àyà wa ti ń já pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹni tó mọ iná ló tan iná yẹn.

Ní ìgbà tí wọ́n ń ṣe gbogbo èyí, ẹ̀rù ọmọ ń ba Amẹ́ríkà. Ní 1954 ìgbìmọ̀ kan láti ilé aṣòfin àgbà jókòó ní New York, wọ́n ń da ìbéèrè bo àwọn tó ń tẹ ìwé kátúùnù abanilẹ́rù, bóyá ìwé wọn ló ń sọ ọmọ di ọ̀daràn. Fíìmù ọmọ aláìgbọràn ń jáde lọ́tùn-ún lósì. Kí ló dé tí ọmọ yìí ń ṣe báyìí? Ìbéèrè tí gbogbo wọn ń bi nìyẹn. Àgbà ló ń bèèrè, àgbà náà ló ń dáhùn. Àrà mìíràn tó gbòde nígbà náà ni gbígba ìyè ènìyàn, èyí tí òyìnbó ń pè ní hypnosis. Ní 1956 ìwé kan tà bí àkàrà gbígbóná, lórí obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Colorado tí wọ́n gbà níyè, tó wá ń sọ̀rọ̀ bí obìnrin Ireland kan tó ti gbé ayé kọjá lọ tipẹ́. Gbogbo ènìyàn fẹ́ mọ bí ọkàn ṣe lè rìn padà sẹ́yìn. Cohen àti Kandel bu díẹ̀ nínú ẹ̀rù ọmọ, wọ́n bu díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìyè, wọ́n rò ó pọ̀.

Ó yá, a ti dé ọ̀dọ̀ Tony.

Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kárakára, kì í sábà sí nílé; kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Tony ní ọ̀rẹ́bìnrin, Arlene, tí àwọn òbí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni pé ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú èrò rẹ̀, pàápàá bí nǹkan bá dé bá a lójijì láti ẹ̀yìn. Donovan, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó là wọ́n níjà, kò tì í mọ́lé. Ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n: dókítà kan wà ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó wà nítòsí, Alfred Brandon, irú ìbínú báyìí ló ń tọ́jú. Tony kọ̀ jálẹ̀. Òun kọ́ ni wọ́n máa wá fi ìyè rẹ̀ ṣeré.

Lẹ́yìn náà ni àríyá Halloween dé, alẹ́ tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà máa ń fi iwin àti òkú ṣe àwàdà. Wọ́n pé jọ sí ilé àtijọ́ kan, wọ́n ń jó, ọ̀rẹ́ Tony kan tó ń jẹ́ Vic kọrin, wọ́n ń dẹ́rù ba ara wọn fún ẹ̀rín. Vic yọ́ gba ẹ̀yìn Tony, ó fun fèrè sí i létí. Kí ẹnikẹ́ni tó rẹ́rìn-ín tán, Tony ti wà lórí rẹ̀, ó ń lù ú bí ẹni fẹ́ pa á. Nígbà tí orí rẹ̀ wálẹ̀, ó gbójú sókè. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró gbagidi, wọ́n ń wò ó. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n mọ̀.

Ibí yìí gan-an ni mo ti gbàgbé ẹ̀pà. Irun kan kò tíì hù lára ọmọ yìí, ojú ẹranko ni wọ́n ti fi ń wò ó. Lọ́jọ́ kejì ìtìjú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ Brandon. Kí ẹni tó ń kọ ọ̀ràn sílẹ̀ fa ìlà sábẹ́ ìyẹn. Wọn kò wọ́ ọ lọ. Ó gbà pé nǹkan ń ṣe òun, ó gba ìmọ̀ràn àgbà, ó lọ wá ìwòsàn. Gbogbo ohun tí a máa ń bẹ ọmọ oníjàgídíjàgan pé kó ṣe, Tony ṣe é tán.

Whit Bissell ló ṣe Brandon, kò sì pariwo rárá. Kóòtù rẹ̀ mọ́, irun rẹ̀ dúró, ohùn rẹ̀ tutù. Irú ẹni tí ìwọ náà lè fi ọmọ rẹ sí lọ́wọ́ láìwẹ̀yìn. Bí Tony bá ti jáde ni ọ̀rọ̀ máa ń yí. Ó ń sọ fún Wagner, igbákejì rẹ̀, pé aráyé ti fẹ́ pa ara wọn run, àti pé ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni kí á ju ọmọ ènìyàn padà sí ìpilẹ̀ṣẹ̀, sí ìgbà tó ṣì jẹ́ ẹranko, kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ayé bọ́ǹbù átọ́míìkì ni wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dà bí ti wèrè létí ẹni tó gbọ́ ọ nígbà náà. Wagner ní ọmọ náà lè kú. Brandon kò rí ohun tí ẹ̀mí ẹnìkan jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀. Ó ka àkọsílẹ̀ ìwà Tony, inú rẹ̀ dùn. Ìbínú tí ọmọ náà wá gbé sílẹ̀ ni ohun tí dókítà ń wá kiri.

Abẹ́rẹ́ scopolamine ló fún un, lẹ́yìn náà ló gbà á níyè. Oògùn yẹn wà lóòótọ́. Láwọn ọdún 1920 dókítà kan ní Texas ti gún un fún àwọn tí ọlọ́pàá fura sí, ó ní òtítọ́ ni yóò máa ti ẹnu wọn jáde. Ní ti gbígba ìyè, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé ìyẹn fún Yorùbá. Ẹni tó bá ti pàdé àwọn oníjìbìtì ní gáréèjì rí, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ko owó rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, tó wá dé ilé kí ojú rẹ̀ tó là, mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé gbajúẹ̀ gáréèjì kì í ní ìwé ẹ̀rí lára ògiri.

Frank tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ẹni àkọ́kọ́ tó kú. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ń wo fọ́tò òkú, kò yé wọn. Ẹni tó yé ni Pepi, bàbá arúgbó tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, ọmọ orí òkè Carpathia ní ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ó wo ojú eyín tó wà lára òkú, ó mọ ohun tó jẹ́: ní ìlú rẹ̀ wọ́n mọ̀ nípa ènìyàn tó ń di ìkookò. Vladimir Sokoloff ló ṣe Pepi, ó sì dùn mí pé ipa rẹ̀ kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ló ní ìmọ̀. Ta ni yóò fetí sí agbálẹ̀?

Èmi sì ń rò ó ní tèmi pé àwa náà ní ìtàn ọdẹ tó lọ sórí ẹ̀gùn, tó rí ẹranko tó bọ́ awọ rẹ̀, tó fi pa mọ́ sínú ewé, tó di arẹwà obìnrin, tó gba ọjà lọ. Ìyàtọ̀ ńlá wà. Ẹranko tiwa, òun ló ni awọ rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ nígbà tó wù ú, ó bọ́ ọ nígbà tó wù ú, ẹni tó bá jí i gbé ló dá ọ̀ràn. Tony kò ní awọ kankan tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ló gún un sí i lára.

Ohun mìíràn tí wọ́n ṣe tó wú mi lórí: wọ́n ju gbogbo ohun èlò ìkookò àtijọ́ nù. Kò sí òṣùpá àrànmọ́jú. Ẹranko kankan kò bù ú jẹ. Kò sí ọta ìbọn fàdákà. Ariwo ni ohun tó ń yí Tony padà, agogo ilé-ìwé pàápàá. Bóyá owó ni kò tó, èmi ò mọ̀ bí òṣùpá ṣe wọ́n tó ní Hollywood. Ibi yòówù tó ti wá, èrò ọlọ́gbọ́n ni. Òṣùpá kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọmọ ọlọ́dún 17. Agogo ní. Agogo ní kó dìde, agogo ní kó jókòó, agogo ló ń sọ ìgbà tó lè jẹun àti ìgbà tó lè lọ sílé. Ẹni tó bá ti lọ ilé-ìwé rí mọ bí ara ṣe ń gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ti yàrá ìdárayá ṣe lọ, nítorí òun ni ojú ọ̀ràn gan-an. Tony ti padà lọ bá Brandon, ó ti sọ fún un pé ara òun kò dá, pé nǹkankan ń ṣẹlẹ̀ sí òun. Brandon kò dá a lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni Miss Ferguson, ọ̀gá ilé-ìwé, ránṣẹ́ pe Tony. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ìwé dókítà ti dé ọwọ́ rẹ̀, ó ní ọmọ náà ti ń yí padà sí rere. Ọ̀gá sì ti ṣe tán láti kọ̀wé kí wọ́n lè gbà á sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀. Tony dúpẹ́. Ó jáde, ó gba ẹnu ọ̀nà yàrá ìdárayá kọjá. Ọmọbìnrin kan, Theresa, wà níbẹ̀ lóun nìkan, ó ń fò lórí ọ̀pá méjì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tony dúró wò ó. Agogo wà lára ògiri, kò jìnnà sí orí rẹ̀. Agogo dún.

Nígbà tí a tún rí ojú rẹ̀, irun ti bò ó, eyín ti yọ, itọ́ ń ṣe ho-ho lẹ́nu rẹ̀. Aṣọ ọmọ ilé-ìwé ṣì wà lára rẹ̀. Theresa ti dorí kodò lórí ọ̀pá lásìkò yẹn, kámẹ́rà náà sì dorí kodò pẹ̀lú rẹ̀: a rí ẹranko náà bí ó ṣe rí i, ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni, kò sì lè ná wọn ní kọ́bọ̀. Theresa kò yè é. Àwọn tó sáré dé kò mọ ojú tí wọ́n rí. Aṣọ ni wọ́n mọ̀. Aṣọ Tony ni.

Mo ti rí ẹ̀jẹ̀ tó ju èyí lọ nínú fíìmù. Lọ́dọ̀ mi, ohun tó burú jù níbẹ̀ ni ìwé tó wà lórí tábìlì Miss Ferguson. Ó dára, ó mọ́, dókítà fọwọ́ sí i, irọ́ sì ni láti òkè délẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọmọ náà pé ara rẹ̀ ti yá ni, kò tíì rìn jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Ẹnìkan lè ní mo ń ka ohun tí kò sí síbẹ̀, pé ọjà lásán ni Cohen ń tà. Ẹ wo ohun tó tà tẹ̀ lé e. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1957 kan náà, ó gbé méjì mìíràn jáde pọ̀. Nínú I Was a Teenage Frankenstein, Whit Bissell tún padà, ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń fi ẹ̀yà ara àwọn ọ̀dọ́ tó kú so ọmọkùnrin kan pọ̀, tó wá ń pàṣẹ fún un. Nínú Blood of Dracula, ọmọbìnrin ni: wọ́n mú un lọ sílé-ìwé onílé gbígbé, olùkọ́ kan gbà á níyè, ó sọ ọ́ di amùjẹ̀. Louise Lewis ló ṣe olùkọ́ yẹn, Louise Lewis kan náà tó jẹ́ Miss Ferguson onínúure. Ní 1958 How to Make a Monster dé: ọkùnrin tó ń kun ojú òṣèré pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ó po oògùn mọ́ àtíkè, ó sì ń fi rán àwọn ọ̀dọ́ òṣèré lọ pànìyàn. Dókítà, ọ̀jọ̀gbọ́n, olùkọ́, ọ̀gá níbi iṣẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n fi ọmọ sí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin kì í ṣe èèṣì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Nínú ọjà Cohen, àgbà ló ń wọ́ ọ.

Mo sì rò pé ọjà náà gan-an ló fà á. Àwọn tó ń ṣe fíìmù olówó iyebíye nípa ọmọ aláìgbọràn, àwọn òbí ló wà lọ́kàn wọn. Cohen kò rí tàwọn òbí rò. Wọ́n wà nílé nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ló ń sanwó, ojú ọmọ ló ní láti fi wo ọ̀ràn. Bí o bá sì fi ojú ọmọ wò ó, ẹni tó ń bani lẹ́rù kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni.

Ọmọ ogún ọdún ni Michael Landon nígbà tó ṣe Tony. Eugene Orowitz ni wọ́n sọ ọ́; ọ̀kọ̀ jíjù ló gbé e dé yunifásítì ní Los Angeles kí èjìká rẹ̀ tó bàjẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ lẹ́yìn tó ti di gbajúmọ̀ pé nígbà tí òun ṣì ń tọ̀ sílé, ìyá òun máa ń sá aṣọ ibùsùn náà sójú fèrèsé kí gbogbo àdúgbò lè rí i, òun á sì sáré láti ilé-ìwé kí òun lè ká a kí àwọn ẹgbẹ́ òun tó dé. Ó fi ṣe fíìmù tẹlifíṣọ̀n ní 1976. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìyẹn, ojú tó fi wo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́ Halloween kò jọ eré lójú mi mọ́. Ní 1959 ó bọ́ sínú Bonanza lórí tẹlifíṣọ̀n, ayé rẹ̀ yí padà. Kò fi ìkookò náà ṣe ìtìjú. Ní 1987, nínú ètò tirẹ̀ tó ti ń ṣe áńgẹ́lì, ó tún fi irun bojú, ó fi ara rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ìparí ọ̀ràn nìyí. Gbogbo ìlú ń wá Tony, ó ti sùn sínú igbó, ilẹ̀ ti mọ́, ojú ènìyàn ti padà sí i. Kò lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀dọ̀ Brandon ló lọ, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gba òun. Brandon ní kó dùbúlẹ̀. Ó tún gún un lábẹ́rẹ́, ó tún gbà á níyè, ó ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀, nítorí ó fẹ́ ya bí ọmọ náà ṣe ń yí padà kí ayé lè gbà á gbọ́. Ọmọ dùbúlẹ̀, kámẹ́rà ń yí. Fóònù dún.

Brandon kú, Wagner kú. Kámẹ́rà wó lulẹ̀, ó ṣí, ìmọ́lẹ̀ wọ inú rẹ̀, gbogbo ohun tó yà bàjẹ́. Donovan àti Chris Stanley, ọlọ́pàá kejì, já ilẹ̀kùn wọlé. (Guy Williams ló ṣe Stanley; kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde tó bẹ̀rẹ̀ eré Zorro lórí tẹlifíṣọ̀n.) Ẹranko náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n yìnbọn, ọta ìbọn lásán, ó ṣubú. Irun ká kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ọmọ ilé-ìwé kan nílẹ̀. Stanley ní àfàìmọ̀ kí Brandon má lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Donovan, tó fi orúkọ Brandon lé ọmọ náà lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, dúró lórí òkú, ó ní àṣìṣe ni kí ọmọ ènìyàn máa tọwọ́ bọ iṣẹ́ Ọlọ́run.